Àwo Tí Àpótí Ń Tu Jáde

Láti Adó ni mo ti gun alùpùpù,
mo kọjá Ìworoko, mo kọjá Ifàkì,
wáyà lọ́rùn mi bí ẹni ń lọ so màlúù.
Kí n tó dé Ọ̀yẹ́, ọyẹ́ ti kùn mí lẹ́fun.

Bámitálẹ́ ló ránṣẹ́ pè mí.
Àpótí rẹ̀ dúdú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ,
ó dákẹ́ bí àlejò tó mọ̀ pé òun lówó.
Owó tó rà á tó í kọ́ yàrá méjì pẹ̀lú ṣáláńgá.
Ẹgbẹ̀rún fíìmù ló wà níkùn rẹ̀,
ó tò wọ́n bí àgbẹ̀ ṣe ń to iṣu sí àká;
tẹ bọ́tìnnì, ìran á dìde lójú ògiri.

Ṣùgbọ́n àwo kan wà tí kì í jẹ.
Ọdún méje ni Bámitálẹ́ fi ń kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu,
ọdún méje ni àpótí fi ń tu ú jáde
bí ọmọ tó gbọ́n ju àgbo ìyá rẹ̀ lọ.
Àwo ò bàjẹ́ o. Ó mọ́ jù ni.
Ìran inú rẹ̀ kún ju ọ̀nà ọ̀fun àpótí lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn tó ṣe é kéde
pé àwọn ti fẹ ọ̀fun ọ̀hún:
ẹ ra ẹnu tuntun, ẹ so ó mọ́ ọn,
ẹ jẹ́ kó fa ìmọ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì,
àwo tó ń kọ̀ tẹ́lẹ̀ á wọlé wẹ́rẹ́.
Wákàtí mẹ́ta ni ìmọ̀ fi wọlé.
Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. A tan jẹnẹrétọ̀.
Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́.
Àwo ọdún méje ńkọ́?

Ìrọ̀lẹ́ ló tó gbé e mì.
A dúró. Kò tu ú.
Bámitálẹ́ pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí bọ́ọ̀lù wọlé fún.

Ìṣílé bàbá wọn ni:
ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, o lè ka iṣan ara rẹ̀;
èèrà kan ń gun ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ò tí ì gbẹ,
kò sẹ́ni tó rí èèrà yẹn lọ́jọ́ náà.
"Ẹ wo mímọ́!" ni Bámitálẹ́ ń pariwo. "Ẹ wo mímọ́!"
Ó ké sí ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná.

Màmá nuwọ́ sára ìró, ó jókòó sí etí àga.
Bàbá yọ lójú ògiri, ó di kọ́kọ́rọ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín.
Màmá náà rẹ́rìn-ín.
Ó pẹ́ díẹ̀, ó dìde, ó sún mọ́ ògiri,
ó na ìka sí funfun ojú ọkọ rẹ̀
tí kì í ṣe funfun,
tó pọ́n bí ìyeyè.

"Ibà pọ́njú," ló wí.
"Lọ́jọ́ ìṣílé? Ó ní oorun ni ò tó òun."

Kò sẹ́ni tó fèsì, àfi jẹnẹrétọ̀.
Bámitálẹ́ ń fi ìka ka oṣù:
Ògún la ṣílé. Ní Bélú, a sin ín.

Mo ti mú rìmóòtù kí n pa á.
Màmá gbá mi lọ́wọ́ mú.
"Ṣé ẹ̀rọ yín ò lè dín mímọ́ rẹ̀ kù,
kó ṣú díẹ̀, bíi fídíò àtijọ́?"
Mo ní ó lè ṣe é. Ìyẹn ò le rárá.

Ó ronú. Èèrà yẹn ti ń dé abẹ́ páànù.
"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Ẹ dá a padà síbẹ̀rẹ̀.
Mo fẹ́ wo ibi tí èmi gan-an dúró sí
tí mi ò fi rí i nínú ulé ara mi."

Ulé ló pè é, bí ìyá tèmi ṣe máa ń pè é.
Mo tẹ bọ́tìnnì.